Wọ́n Ń Wá Ọ̀gá, Wọn Kò Fẹ́ Ọmọ Iṣẹ́

 Àwọn tó mọ̀ wá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gírámà Lárúbáwá ni a sábà máa ń kọ sí ewé yìí. Lọ́dún yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà wá láàyè kí a yà díẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí ń wá iṣẹ́ tí wọn kò rí ni a fẹ́ sọ, àti ti àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń wá òṣìṣẹ́ tí wọn kò rí.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ ni pé ìyá ọmọ kan wá bá wa ní ìparí táàmù tó kọjá. Ó fẹ́ mú ọmọ rẹ̀ kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ó ní, "Áfáà, ẹ má bínú sí mi o. Mo gbọ́ lórí rédíò pé gbogbo ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà láyé ni kò rí òṣìṣẹ́ gbà, wọ́n ní owó ńlá wà níbẹ̀. Ẹnì kan sì wà ní àdúgbò wa tó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré lòun fi ń kọ́ ọmọ tí yóò fi di ẹni tí òyìnbó ń san dọ́là fún. Kí ni ọmọ mi tún ń ṣe nídìí wàláà?" A bi í pé, "Àlàájà, èló ni ẹni náà ní kí ẹ san?" Owó tó dárúkọ ju owó tí à ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún méjì lọ. A kò bá a jiyàn púpọ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí pé òótọ́ wà nínú ohun tó gbọ́ lórí rédíò. Ṣùgbọ́n òótọ́ náà ní apá kejì, apá kejì yẹn ni ó sì yẹ kí òbí gbọ́ kó tó tú àpò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú apá tí ìyá yìí gbọ́. Ilé-iṣẹ́ kan wà ní Taiwan, erékùṣù kan tí kò jìnnà sí Ṣáínà. TSMC ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ wọn ni ṣíṣe chip, ìyẹn pẹlẹbẹ tíntìntín tó jẹ́ ọpọlọ inú fóònù, inú kọ̀ǹpútà àti inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ìwòyí. Nínú gbogbo àwọn tí ń bá ẹlòmíràn ṣe chip láyé, kò sí èyí tó tóbi tó o. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, wọ́n kéde pé àwọn yóò kọ́ ilé-iṣẹ́ sí ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú owó tó tó bílíọ̀nù 12 dọ́là. Ọdún 2024 ni wọ́n dá pé iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó di oṣù keje ọdún 2023, alága ilé-iṣẹ́ náà sọ pé ó di ọdún 2025. Kí ló dé? Kì í ṣe pé owó tán. Ó ní àwọn kò rí òṣìṣẹ́ tó pọ̀ tó, tó mọ bí wọ́n ṣe ń to àwọn ẹ̀rọ ẹlẹgẹ́ yẹn sí àyè wọn, pé àwọn yóò kó àwọn tó mọ̀ ọ́n wá láti Taiwan kí wọ́n wá kọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà.

Inú bí ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìkọ́lé ní Arizona nígbà tí wọ́n gbọ́. Wọ́n ní àwọn mọ iṣẹ́ àwọn, pé òṣìṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú ni ilé-iṣẹ́ náà ń wá. Ìjà náà kò rọlẹ̀ títí di oṣù kejìlá ọdún 2023 tí wọ́n fẹnu kò, tí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ kíkọ́ òṣìṣẹ́ sínú àdéhùn wọn. Ní oṣù keje ọdún 2023 kan náà, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ chip Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde. Wọ́n ní bí ó bá fi máa di ọdún 2030, iṣẹ́ tuntun bíi 115,000 ni yóò ti ṣí sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn, àti pé bíi 67,000 nínú rẹ̀ lè wà níbẹ̀ láìsí ẹni tí yóò ṣe é.

Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ èyí yóò bèèrè pé, Amẹ́ríkà náà? Ṣebí lọ́dọ̀ wọn ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Ní ọdún 1990, bí a bá pín agbára tí gbogbo ayé ní láti ṣe chip sí ọ̀nà 100, 37 wà ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó fi di ọdún 2020, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi 12. Wọ́n rí i pé ó wọ́n láti máa ṣe é nílé, wọ́n jẹ́ kí àwọn ará Éṣíà máa bá wọn ṣe é. Èrè wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó mọ iṣẹ́ náà ń fẹ̀yìn tì lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ tó ń dìde kò sì rí ibi tí wọn yóò ti fojú rí i kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ìlú tí wọn kò bá ti ké kéwú fún ọgbọ̀n ọdún, bí wọ́n bá tilẹ̀ ní Kùránì wúrà ní gbogbo ilé, ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ṣe wòlímọ̀, ìlú mìíràn ni wọn yóò ti lọ yá ẹni tí yóò kà á.

Ibi tó wù wá jù nínú ìtàn yìí rèé. Ní ọdún 1976, nígbà tí iṣẹ́ chip kò tíì rinlẹ̀ rárá ní Taiwan, wọ́n ṣa àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ jọ, wọ́n rán wọn lọ sí ilé-iṣẹ́ RCA ní Amẹ́ríkà kí wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ náà. Morris Chang tó dá TSMC sílẹ̀ ní ọdún 1987 pàápàá, ọdún 25 ló lò ní ilé-iṣẹ́ Texas Instruments ní Amẹ́ríkà níbẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ àná ni a wí yìí, tí ọ̀gá rẹ̀ wá ń bẹ̀ lónìí pé kó wá bá òun tún ṣọ́ọ̀bù ṣe. Wọ́n gbà á ní ọmọ iṣẹ́ nígbà kan, ìdí nìyẹn tó fi di ọ̀gá.

Ìyẹn ni apá tí rédíò sọ. Apá kejì nìyí.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ń pariwo pé àwọn kò rí òṣìṣẹ́, àwọn náà ni wọ́n ń lé òṣìṣẹ́ lọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ Meta tó ni Facebook kéde pé àwọn yóò dá ènìyàn 11,000 dúró. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Microsoft kéde 10,000, Google kéde 12,000. A kò sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa nígbà tí wọ́n ní òṣìṣẹ́ kò sí. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n lé ni wọ́n ti gbà ju bó ti yẹ lọ nígbà àrùn kòrónà, nígbà tí gbogbo ayé jókòó sílé tí wọ́n ń lo íntánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ tí ó sì ṣófo lónìí lè máà jẹ́ irú èyí tí ẹni tí wọ́n lé lánàá mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fetí sílẹ̀ dáadáa yóò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ gan-an. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé, "A kò rí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tán." Ẹni tí ẹlòmíràn ti kọ́, tó ti ba ti ẹlòmíràn jẹ́, tó ti gbọ́n níbòmíràn, ni wọ́n ń wá.

Ẹ má jẹ́ kí a máa rìn jìnnà mọ́. Èkó níbí, ní ọdún 2014, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Andela. Iyinoluwa Aboyeji, ọmọ ilẹ̀ wa, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Èrò wọn dára púpọ̀. Wọ́n ní ọgbọ́n kò fi ìlú kan sílẹ̀ lọ sí òmíràn, pé ohun tó kù ni kí wọ́n kọ́ ọmọ. Wọn yóò yan ọ̀dọ́ tí orí rẹ̀ pé, wọn yóò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, wọn yóò máa san owó fún un bó ti ń kọ́ ọ lọ, lẹ́yìn náà ni wọn yóò wá fi í ṣiṣẹ́ fún àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà láti ìhín. Ọdún mẹ́rin ni àdéhùn náà. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó bá kọ̀wé, wọn kì í mú tó ẹyọ kan. Ní ọdún 2016, Mark Zuckerberg tó ni Facebook wá sí Èkó fúnra rẹ̀, àjọ tí òun àti ìyàwó rẹ̀ dá sílẹ̀ sì ti ṣáájú àwọn tó fi mílíọ̀nù 24 dọ́là sínú iṣẹ́ náà lọ́dún yẹn. Àwọn kan nínú ẹ̀yin òbí yóò rántí bí àwọn ọmọ wa ṣe ń sọ ọ́ kiri nígbà náà.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, Andela dá nǹkan bí 400 nínú àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí dúró ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà. Kì í ṣe nítorí pé wọ́n ya ọ̀lẹ. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà kò fi í pamọ́. Ó ní àwọn tí àwọn ń bá ṣiṣẹ́ kò fẹ́ akọ́ṣẹ́ mọ́, ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ni wọ́n ń bèèrè, èyí kò sì pọ̀ tó. Ẹ gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ o. Òṣìṣẹ́ kò tó, síbẹ̀ akọ́ṣẹ́ ti pọ̀jù, lábẹ́ òrùlé kan náà, ní ọjọ́ kan náà! Láti ìgbà náà, àwọn tó ti mọṣẹ́ ni ilé-iṣẹ́ yìí gbájú mọ́, nígbà tó sì di ọdún 2021 wọ́n ṣírò pé ó ti tó bílíọ̀nù kan ààbọ̀ dọ́là. A kò bú wọn. Wọ́n kọ́ ọmọ ju ọ̀pọ̀ ẹni tó ń bú wọn lọ, púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kọ́ ló sì ń ṣe dáadáa níbi tí wọ́n wà. Bí ẹni tí ń sanwó bá ní òun kò sanwó fún akọ́ṣẹ́ mọ́, kí ni alágbàṣe yóò ṣe? Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà ṣì wà nílẹ̀: bí gbogbo ilé bá ń wá ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún nídìí iṣẹ́, ilé ta ni yóò ti lo ọdún àkọ́kọ́?

Ó tún wá le sí i báyìí. Àwọn iṣẹ́ kéékèèké tí wọ́n máa ń fún akọ́ṣẹ́ láti fi mọ́wọ́, ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní AI ni wọ́n ti ń gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ fún. Ẹ̀rọ náà kò béèrè owó oúnjẹ, kì í sì í pẹ́ dé. A kò mọ ẹ̀rọ tó ń di àgbà fúnra rẹ̀ lójú tiwa, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ọmọ tí wọn kò bá fún ní iṣẹ́ kékeré kò ní mọ ńlá.

Àwa Yorùbá kì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ wo télọ̀ tó wà ní ìdojúkọ mọ́sáláṣí wa. Bí ó bá gba ọmọ iṣẹ́, ọdún àkọ́kọ́, ọmọ náà yóò gbálẹ̀, yóò pọnmi, yóò máa lọ aṣọ, yóò máa rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù. Nígbà tí wọ́n bá wá fún un ní sísọ́ọ̀sì, yóò gé aṣọ aláṣọ ní igékúgèé. Ọ̀gá rẹ̀ yóò pariwo, yóò sì lọ ra òmíràn dípò rẹ̀. Ó ti mọ̀ kó tó gbà á pé yóò ba aṣọ jẹ́. Ó ti kà á mọ́ owó iṣẹ́. Bákan náà ni ní Computer Village ní Ìkẹjà: púpọ̀ nínú àwọn tí ẹ ń gbé fóònù yín tó bàjẹ́ lọ fún níbẹ̀ kò wọ yunifásítì kankan fún un, ẹ̀gbẹ́ ọ̀gá ni wọ́n jókòó sí. Àwa tí à ń kọ́ni ní kéwú ńkọ́? Ọmọ tó ń ka àlífù fún báù ni òbí ń mú wá fún wa, tí yóò pa wàláà rẹ́ nígbà ẹgbẹ̀rún kí ọwọ́ rẹ̀ tó tọ́. Bí múàlímù kan bá kọ ọ́ sára ògiri pé ọmọ tó ti ké Kùránì parí nìkan lòun yóò gbà, kí la ó pè é?

Àwọn ilé-iṣẹ́ náà ní ẹ̀rù kan tó ń bà wọ́n, ẹ jẹ́ kí a ṣe òdodo sí wọn. Wọ́n ní bí àwọn bá fi ọdún méjì kọ́ ọmọ, ọjọ́ tó bá mọ̀ ọ́n tán ni ilé-iṣẹ́ kejì yóò fi ẹgbẹ̀rún díẹ̀ lé owó rẹ̀, ó ti lọ nìyẹn. Òótọ́ ni, lọ́dọ̀ wa pàápàá tí jápa ti di àdúrà. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ti yanjú èyí tipẹ́. Télọ̀ kì í gba ọmọ iṣẹ́ láìjẹ́ pé òbí ọmọ jókòó, kí wọ́n dá ọdún tí yóò fi kọ́ṣẹ́ àti ìgbà tí yóò fi sin ọ̀gá rẹ̀ lẹ́yìn tó bá mọ̀ ọ́n. Nígbà tó bá pé, wọn yóò ṣe fíríídọ̀ọ̀mù fún un, wọn yóò gbàdúrà, ọmọ yóò máa lọ. Ọ̀gá ti rí èrè tirẹ̀ gbà. Ní Jámánì, wọ́n ní irú ètò yìí títí di òní: ilé-iṣẹ́ ló ń gba ọmọ, ó ń san owó díẹ̀ fún un, ọmọ náà sì ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ bíi mélòó kan láàárín ọ̀sẹ̀. Nígbà tí TSMC yìí náà fẹ́ lọ kọ́ ilé-iṣẹ́ sí Dresden níbẹ̀, tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti agbègbè náà ti wà ní Taiwan ṣáájú kí wọ́n tó kó bíríkì, wọ́n ń kọ́ ọ. Ó dà bí ẹni pé ohun tí ojú wọn rí ní Arizona ti kọ́ wọn lọ́gbọ́n.

Ní Arizona náà, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba ìbílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́wàá láti ọdún 2022 fún ẹni tó bá fẹ́ wọ ilé-iṣẹ́ chip. Ọjọ́ mẹ́wàá! Ìyẹn tó kí ènìyàn mọ ilẹ̀kùn ilé, kò tó kó mọ yàrá. Ohun tó gbà wá níyè níbẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ wà ní ìsàlẹ̀ títì tí ọmọ lè wọ̀ lọ́jọ́ kọkànlá, níbi tí wọn yóò ti máa kọ́ ọ lọ. Ẹni ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà tó wà ní àdúgbò wa kò ní irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀. Kí òbí bi í kó tó sanwó: ta ni nínú àwọn tí ẹ kọ́ lọ́dún tó kọjá ló ń ṣiṣẹ́ báyìí, níbo ló wà, ṣé a lè bá a sọ̀rọ̀? Bí ó bá ń yí ojú, ẹ ká àpò yín. Ẹni tó bá sì ní dọ́là ń dúró ní Amẹ́ríkà, ẹ sọ fún un pé ìwé àṣẹ H-1B tí wọ́n fi ń gba àwọn ọ̀mọ̀ṣẹ́ àjèjì sí àwọn ilé-iṣẹ́ wọn níbẹ̀ kò ju 85,000 lọ lọ́dún fún gbogbo ayé, àti pé ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ìjọba wọn kéde pé ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ mú ẹni tuntun wọlé láti òkèèrè pẹ̀lú rẹ̀ yóò san 100,000 dọ́là. Wọn kì í san irú owó bẹ́ẹ̀ lórí akọ́ṣẹ́. Ní ilé wa níbí, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò 3MTT ní ọdún 2023, èyí tí wọ́n ní àwọn yóò fi kọ́ mílíọ̀nù 3 ènìyàn ní iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ọ̀fẹ́ ni, kí ọmọ tó bá lè wọ̀ ọ́ wọ̀ ọ́. Síbẹ̀ a ò yé bi ara wa pé, nígbà tí mílíọ̀nù 3 bá jáde, ọ̀dọ̀ ọ̀gá wo ni wọn yóò jókòó sí?

A ti ń bá àwọn ará ibi jíjìn wí láti òwúrọ̀. Àwa náà jẹ̀bi, a ó sì sọ ọ́.

Ará mọ́sáláṣí wa kan tó ń gbé ní òkè òkun fi kọ̀ǹpútà àlòkù mẹ́fà ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ yìí ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Inú wa dùn, a ya fọ́tò, fọ́tò náà jáde nínú ìwé yìí. Lẹ́yìn náà ni a jókòó ìpàdé, a kọ ìwé lẹ̀ mọ́ ògiri pé a ń wá olùkọ́ kọ̀ǹpútà tó ti gba dìgírì, tó sì ti ṣiṣẹ́ fún ọdún márùn-ún. Ẹni mẹ́ta wá. Nígbà tí wọ́n gbọ́ iye tí a fẹ́ máa san, wọ́n kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n sì lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ kan tó parí Sánáwì lọ́dọ̀ wa wá. Ó ti fi oṣù mẹ́sàn-án kọ́ kọ̀ǹpútà. Ó ní òun yóò kọ́ àwọn àbúrò òun, kí a máa fún òun ní owó ọkọ̀ ná. A wo ìwé tó wà lára ògiri, a wo ojú rẹ̀, a ní kó lọ ní ìrírí kó tó wá. Ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Áfáà, níbo ni kí n ti lọ ní i?"

A kò rí èsì fún un. A kàn gbàdúrà fún un pé kí Ọlọ́run la ọ̀nà, ó ṣe àmín, ó bọ́ síta.

Ọdún méjì gbáko ni a fi aṣọ bo àwọn kọ̀ǹpútà náà. Nígbà tí a tún ṣí wọn wò, eku ti jẹ wáyà méjì. A fóònù ọmọ náà. Èkó ló wà, ẹnì kan ti gbà á síbi iṣẹ́ bó ṣe wà, ó sì ti mọ̀ ju ẹni tí a kọ sára ògiri lọ. Ó fọ̀wọ̀ dá wa lóhùn, ó ní ká má bínú, òun kò lè wá mọ́. A ti ń kọ́ àwọn ọmọ lábẹ́ òrùlé yìí kí a tó bí i, a mọ̀ pé wàláà ni gbogbo alífáà ti bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ ohun tí Amẹ́ríkà ṣe gẹ́lẹ́ ni a ṣe.

Ní ọdún tó tẹ̀lé e, a mú ọmọbìnrin kan nínú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, a kó kọ́kọ́rọ́ yàrá náà fún un. Táàmù àkọ́kọ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ ju ẹni tó ń kọ́ lọ. Ó ba kọ̀ǹpútà kan jẹ́ pátápátá. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ bínú, a sì ní láti rán ara wa létí ọ̀rọ̀ aṣọ tí télọ̀ ń kà mọ́ owó iṣẹ́. Lónìí, kíláàsì méjì ló ń kọ́. A kò sọ pé àwọn ọmọ náà ti di ẹni tí TSMC yóò ránṣẹ́ sí. Ṣùgbọ́n wọ́n ń tẹ Lárúbáwá àti Yorùbá pẹ̀lú àmì rẹ̀, wọ́n mọ bí a ṣe ń ṣírò owó lórí ẹ̀rọ, ewé méje nínú ìwé tí ẹ dì mú yìí ni wọ́n sì tẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa, a fẹ́ bá yín sọ ìwọ̀nba. Nígbà tí ẹ bá ń jiyàn pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ yín ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà, ẹ fẹ́ràn láti máa sọ pé ọ̀dọ̀ wa ni kọ̀ǹpútà ti wá, nítorí Al-Khwarizmi tó gbé ní Bàgídádì ní nǹkan bí 1,200 ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n ti inú orúkọ rẹ̀ mú ọ̀rọ̀ algorithm, tí wọ́n sì ti inú àkọlé ìwé rẹ̀ mú algebra. Òótọ́ ni, a sì ń yangàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n èló ni ẹ gbà nínú ìṣirò ní táàmù tó kọjá? Al-Khwarizmi kò ní bá yín ṣe é. Ọ̀pọ̀ yín ni ó já fáfá nínú náhúwù tí yóò sì sá bí wọ́n bá kọ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin sójú pátákó. Ẹ̀bi yín nìkan kọ́, àwa olùkọ́ la fi wákàtí ìṣirò sí ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ nígbà tí oorun ti ń kun gbogbo yín. A ti gbé e sí òwúrọ̀ láti ọdún tí ń bọ̀. Ẹni tó bá lè fi ọdún mẹ́jọ jókòó ti ẹ̀kọ́ kan, tó ń pa á rẹ́ tó tún ń kọ ọ́, ó ní sùúrù tí iṣẹ́ ẹ̀rọ ń fẹ́. Òun ló kù tí a ó fi ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì kún.

Ìyá tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kò tíì sanwó fún ẹni ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà. Ó ní òun ń wo ohun tí a ó ṣe. Ọmọ rẹ̀ sì wà ní kíláàsì títí di ọjọ́ tí a ń kọ èyí.

Ohun tí a fẹ́ ṣe nìyí. Àwọn ọmọ mọ́kànlá ló parí Sánáwì lọ́dún yìí tí wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. A ti rí ibi fún mẹ́rin: méjì lọ́dọ̀ atún-fóònù-ṣe, ọ̀kan ní ilé ìtẹ̀wé, ọ̀kan lọ́dọ̀ ẹni tí ń to iná oòrùn sórí ilé. Méje ló kù. Ẹ̀yin ará mọ́sáláṣí tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù tàbí ọ́fíìsì tí ẹ ti ń lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ẹ má bi wá bóyá ọmọ náà mọ̀ ọ́n. Kò mọ̀ ọ́n. Ẹ wá bá wa ní ọ́fíìsì Múdíírù lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kí ó tó di àsìkò ààwẹ̀, kí ẹ sọ iye ọdún tí ẹ fẹ́ kó lò àti ohun tí ẹ lè máa fún un fún oúnjẹ, òbí ọmọ yóò wà níbẹ̀, a ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ lójú gbogbo wa.